Ọbẹ̀ Tó Tẹ́

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán nígbà tí ìyá Irin tọ́ ọbẹ̀ tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ sè wò, tó sì tu ú sí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Ó dé ìkòkò náà padà, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ké sí Oníbúrẹ́dì, obìnrin tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwọn, pé kó jọ̀wọ́ kó wá bá òun fi ẹnu kan nǹkan.

Oníbúrẹ́dì dé tòun ti ìyẹ̀fun lápá. Ó bu ọbẹ̀ sórí ṣíbí, ó lá a, ó sì gbójú sókè àjà bí ẹni tó ń wá ohun tó sọnù. Ó ní àfi bí wọ́n bá se ọbẹ̀ náà fún àwọn áńgẹ́lì, nítorí òun ò mọ ohun tí ẹni tó ní ahọ́n fẹ́ fi í ṣe. Ìyá Irin kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun tí wọ́n fi ń bọ́ ọmọ òun nìyẹn láti ọjọ́ tí òun ti dé ilé yìí, pé bí òun bá sì sọ ọ́ síta, wọ́n á ní ìyá ọkọ burú.

Alásè wà lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ó ti wọ aṣọ iṣẹ́, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Alásè ni wọ́n ń pe ìyàwó Irin, nítorí òun ni olórí àwọn tó ń dáná ní ilé ìwé ńlá tó wà ní òpin àdúgbò. Kò sẹ́ni tí kò mọ ọwọ́ rẹ̀. Àwọn tíṣà tí wọ́n ti gbé lọ sí ilé ìwé mìíràn ṣì ń wá àwáwí láti yà síbẹ̀ ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi le. Bí obìnrin tí kò mọ ọbẹ̀ sè bá se ọbẹ̀ tí kò níyọ̀, wọ́n á ní àìmọ̀ ni. Bí Alásè bá sè é, wọ́n á ní ìkà ni. Wọ́n ti ń sọ ọ́ nídìí ẹ̀rọ omi pé sínú ìkòkò ọmọ olọ́mọ ló ń da gbogbo adùn ọwọ́ rẹ̀ sí, kó tó gbé èéfín lásán bọ̀ wálé fún ọkọ. Ọbẹ̀ tí kò níyọ̀, wọ́n ní ó tẹ́. Ènìyàn tí ojú tì láàárín ẹgbẹ́, wọ́n ní ó tẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ọbẹ̀ tẹ́, ẹni tó sè é náà sì tẹ́, nínú kíṣìnnì kan náà.

Ó kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀. Ìyá náà dáhùn bí ẹni tó ń dá ọlọ́jà lóhùn.

Àkókò yìí ni Irin jáde láti inú yàrá. Wẹ́dà ni, ó ń jó géètì àti wíńdò onírin nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé. Nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ó dá gbé géètì kan kọ́ sára ògiri lójú gbogbo àdúgbò, láti ìgbà náà ni orúkọ yẹn ti bá a lọ, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ ju èyí tí òbí rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Ojú rẹ̀ wú láàárọ̀ yìí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú débi pé sálúbàtà ló wọ̀ dípò bàtà iṣẹ́. Ìyá rẹ̀ na ìka sí ẹsẹ̀ náà, ó ní kí Oníbúrẹ́dì wò ó, ebi ni, ebi ló ń wú ọmọ òun.

Ó wá yíjú sí i. "Ọmọ mi, ìwọ lo ní kí ìyàwó rẹ máa se ọbẹ̀ láìníyọ̀ ni, àbí òun ló dá a ṣe?"

Ìbéèrè tó rọrùn ni, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló tó láti dáhùn rẹ̀. Alásè gbé ojú sókè, ó sì wo ọkọ rẹ̀. Irin wo Oníbúrẹ́dì, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ oúnjẹ sílẹ̀ láàárọ̀ yìí," ó wí. "Ẹ̀yin náà ẹ ṣáà mọ àwọn obìnrin ìwòyí."

Oníbúrẹ́dì rẹ́rìn-ín sókè. Alásè bu ìrẹsì fún ọkọ rẹ̀, ó bu ọbẹ̀ lé e, ó gbé e síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó mú báàgì rẹ̀, ó kí wọn pé ó dàbọ̀, ó sì lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tó dé ìta, ó rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kó má baà kọjá níwájú àwọn tó ń pọnmi.

Dókítà ló ní kí ó má fi iyọ̀ sí i. Kíndìnrín Irin ti ń rẹ̀, dókítà sì ti jókòó ti tọkọtaya náà, ó ṣàlàyé ohun tí Irin lè jẹ àti ohun tí kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn. Lójú ọ̀nà ilé lọ́jọ́ náà gan-an ni Irin ti mú ìyàwó rẹ̀ búra. Ó ní kò gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìyá òun. Ta ló fẹ́ gbé iṣẹ́ géètì fún ọkùnrin tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu? Àti pé ṣebí àwọn ènìyàn ló máa ń sọ pé àwọn ọ̀mùtí ni àìsàn náà ń ṣe. Alásè ní òun gbọ́. Kò mọ̀ nígbà náà pé ìyá ọkọ òun ń bọ̀ wá bá wọn gbé, tàbí pé orí òun ni gbogbo rẹ̀ máa já lé.

Irin jókòó ti oúnjẹ rẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ yíjú kúrò, ó yọ ìgò pílásítíìkì kékeré kan nínú àpò ẹ̀wù, ó gbọ̀n ọ́n sórí ọbẹ̀ dáadáa, ó sì dá a padà sápò. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù olóògùn, ó béèrè iyọ̀ tí kì í pa ẹni tí wọ́n kà á léèwọ̀ fún. Olóògùn náà ní ó wà, àmọ́ kí òun kọ́kọ́ béèrè, ta ló fẹ́ jẹ ẹ́, kí ló ń ṣe é, ṣé kì í ṣe kíndìnrín? Oníbàárà Irin kan dúró lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ń dúró de oògùn ikọ́. Irin ní rárá o, ìyá òun ló ni ín, ẹ̀jẹ̀ ríru lásán ni. Olóògùn náà bá gbé ìgò fún un. Lójú tirẹ̀, ó ti rí ọgbọ́n dá: kò jẹ iyọ̀, kò bá dókítà jà, ẹnu rẹ̀ sì ń gbádùn. Ọbẹ̀ tó ń dùn lẹ́nu òun nìkan ṣoṣo ṣì ń tẹ́ lẹ́nu gbogbo àwọn yòókù, orúkọ ìyàwó rẹ̀ sì ń bàjẹ́ lọ. Èyí kò sí nínú ohun tó rò.

Bó ti jẹun tán ni ìyá rẹ̀ gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ọsàn wá. Ó ní kó jẹ ẹ́ kí ara rẹ̀ lè le. Àwọn náà wà lára ohun tí dókítà ní kó yẹra fún. Irin kò lè sọ ìdí tí kò fi ní jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹ́ tán, ó dúpẹ́, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Kò tíì pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí apá rẹ̀ fi kọ̀ jálẹ̀. Ó gbé òòlù, òòlù bọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti mú un, kò lè dìde mọ́. Ẹnu rẹ̀ ń ta á wìnnìwìnnì, ẹsẹ̀ rẹ̀ dà bí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn, ọkàn rẹ̀ ń sáré, á dúró, á tún fò lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá rẹ̀ tó ń gbálẹ̀ níwájú ilé rí i níbi tó jókòó sí láàárín àwọn irin, ó sì figbe ta.

Ọkọ̀ tí Oníbúrẹ́dì fi ń kó búrẹ́dì kiri ló wà nítòsí. Ọkùnrin mẹ́rin gbé Irin, ọwọ́ rẹ̀ ń rọ̀ dirodiro, wọ́n tẹ́ ẹ sáàárín àwọn pẹpẹ búrẹ́dì, òórùn búrẹ́dì gbígbóná sì kún imú rẹ̀. Àwọn ènìyàn dúró lójú pópó, wọ́n ń wò. Ẹnìkan ní, "Ṣé Irin náà kọ́ nìyẹn?" Ó gbọ́ ọ. Ó di ojú rẹ̀ bí ẹni tó ti dákú, kó má baà rí ojú ẹnikẹ́ni. Nínú ọkọ̀, Oníbúrẹ́dì pe Alásè lórí fóònù. Ó ní kó wá sí ọsibítù o, ọkọ rẹ̀ ti dùbúlẹ̀. Kò fi "pẹ̀lẹ́" kún un.

Alásè bá wọn ní ọsibítù, épírọ́ọ̀nù funfun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, òórùn àlùbọ́sà ṣì ń run lára rẹ̀. Gbọ̀ngàn tí àwọn aláìsàn ti ń dúró kún fọ́fọ́. Ìyá Irin rí i láti òkèèrè, ó sì dìde.

"Òun nìyí," ó wí fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. "Ẹ bi í ní ohun tó ń fún ọmọ mi jẹ. Ẹni tó ń se oúnjẹ fún gbogbo ayé, ẹ bi í ní ohun tó ń sè fún ọkọ rẹ̀."

Gbogbo orí tó wà lórí bẹ́ǹṣì yíjú. Ìyá arúgbó kan mi orí. Ọmọdébìnrin kan tó pọn ọmọ sún fún Alásè, kì í ṣe láti fún un láyè, bí ẹni tí kò fẹ́ kí aṣọ wọn kan ara ni. Alásè la ẹnu, ó tún pa á dé. Ó ti búra.

Ọkùnrin mélòó ló ti kú báyìí ládùúgbò bí èyí, tí gbogbo ilé ń sọ pé àìsàn òjijì ni, tí ìyàwó nìkan sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? A kì í béèrè. A kàn ń wo ojú opó.

Wọ́n pè wọ́n wọlé, àwọn obìnrin mẹ́ta náà sì jọ wọlé, nítorí Oníbúrẹ́dì kò fẹ́ kí wọ́n sọ ohunkóhun lẹ́yìn òun. Irin wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti fi okùn ẹ̀rọ mọ́ ọn láyà, ìlà ọkàn rẹ̀ sì ń gòkè sọ̀kalẹ̀ lójú ẹ̀rọ náà ségesège. Nọ́ọ̀sì ń gún un lábẹ́rẹ́ tí yóò dáàbò bo ọkàn rẹ̀, ó sì ń so omi oògùn kọ́ fún un. Dókítà obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ ni wọ́n bá níbẹ̀. Ó mọ Alásè. Inú rẹ̀ kò dùn.

Ó ní àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti jáde, èròjà kan tí wọ́n ń pè ní pòtáṣíọ̀mù ti kún inú ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin yìí débi pé díẹ̀ ló kù kí ọkàn rẹ̀ dúró. Ṣé òun kò ṣàlàyé ni? Ó tún un ṣàlàyé lójú gbogbo wọn, bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ tí kò fetí sílẹ̀. Ó ní gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara ló ń gba inú kíndìnrín kọjá, léraléra, tọ̀sán tòru. Kíndìnrín á kọ́kọ́ sẹ́ omi àti iyọ̀ àti àwọn èròjà mìíràn jáde kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, lẹ́yìn náà á máa fa èyí tí ara nílò padà, díẹ̀díẹ̀, ní ìwọ̀n. Bí ènìyàn bá jẹ iyọ̀ púpọ̀, á fa díẹ̀ padà. Bó bá làágùn tí iyọ̀ ara rẹ̀ lọ sílẹ̀, á fa púpọ̀ padà. Èyí tí kò bá wúlò, á bá ìtọ̀ lọ. Kíndìnrín tó ti rẹ̀ kò mọ ìwọ̀n mọ́. Iyọ̀ á jókòó sínú ara, á pe omi mọ́ra, ẹsẹ̀ á wú, ojú á wú, ẹ̀jẹ̀ á ru. Pòtáṣíọ̀mù náà á jókòó. Òun wà lára ohun tí ọkàn fi ń lù déédéé, àmọ́ bó bá ti pọ̀ jù, òun náà ló ń da ọkàn rú.

"Ẹ̀yin lẹ ń se oúnjẹ rẹ̀," dókítà wí fún Alásè. "Kí lẹ fún un jẹ?"

Ìyá Irin ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, kíndìnrín, ó sì ti gbọ́ pé iyọ̀ ló ń wú ẹsẹ̀, kì í ṣe ebi. Ó ń wo ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí.

Alásè ní ìrẹsì ni, pẹ̀lú ọbẹ̀ tí kò níyọ̀, ẹran díẹ̀, tòmátì díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí dókítà ṣe sọ. Dókítà ní kò lè jẹ́ ìyẹn nìkan. Alásè ní ìyẹn nìkan ni òun mọ̀.

"Mo fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀," ìyá Irin wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Àti ọsàn. Mo máa ń fún un."

Dókítà ní àwọn náà burú, àmọ́ ohun tí òun rí nínú ẹ̀jẹ̀ yìí ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì tó ń bọ́ ẹ̀wù Irin bá gbé ìgò kékeré kan sókè. Àpò ló ti bọ́. Dókítà gbà á, ó ka ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀. Ó ní iyọ̀ tí wọ́n fi pòtáṣíọ̀mù ṣe nìyí, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ le ló lè jẹ ẹ́, fún ẹni bí Irin, májèlé ni. Ó béèrè ẹni tó gbé e fún un.

Ìyá Irin sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ti rí ọ̀nà kan tí ìtìjú náà fi lè padà sí ibi tó wà láàárọ̀.

"Ìyàwó rẹ ló fún ọ, àbí? Sọ̀rọ̀, ọmọ mi. Má bẹ̀rù ẹnikẹ́ni."

Kí Irin kàn mi orí lẹ́ẹ̀kan ni, ó tán. Ọ̀rọ̀ olóògùn kò ní í jáde, irọ́ tó pa lójú oníbàárà rẹ̀ kò ní í jáde, obìnrin tí gbogbo wọn ti dá lẹ́bi kò sì ní í ní ẹ̀bi tuntun tó ju èyí tó ń rù tẹ́lẹ̀ lọ. Orí rẹ̀ tilẹ̀ ti fẹ́ mì. Alásè ti yíjú sí ògiri, níbi tí wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ tó ń kọ́ni bí a ṣe ń fọwọ́, ó ń kà á bí ẹni tó ní ìdánwò. Dókítà ní bóyá kí ìyàwó bọ́ síta ná, kí aláìsàn lè sọ̀rọ̀ fàlàlà. Alásè kò jiyàn. Ó mú báàgì rẹ̀, ó forí lé ilẹ̀kùn.

Bó ti ń lọ láìwẹ̀yìn yẹn ni Irin kò lè gbà.

"Èmi ni mo rà á," ó wí. "Kò mọ̀ nípa rẹ̀. Mo purọ́ fún olóògùn." Ó yíjú sí ìyá rẹ̀. "Màámi, èmi ni mo ní kó má fi iyọ̀ sí i. Dókítà ló sọ ọ́ fún àwa méjèèjì. Mo mú un búra pé kò gbọ́dọ̀ sọ fún yín."

Dókítà wo Alásè, ó sì rẹ orí sílẹ̀ díẹ̀. Ó ní kó má bínú. Oníbúrẹ́dì rántí pé búrẹ́dì òun ń gbẹ nínú ọkọ̀, ó sì bọ́ síta láìkí ẹnikẹ́ni. Ìyá Irin jókòó sórí àga tó wà nítòsí, ó fi ìdí gèlè nu ojú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí omi níbẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní òun ń lọ gba atẹ́gùn.

Dókítà àti nọ́ọ̀sì lọ wo àwọn aláìsàn mìíràn, ó ku tọkọtaya. Ìlà ojú ẹ̀rọ ti ń tọ́ díẹ̀díẹ̀. Irin na ọwọ́ sí ìyàwó rẹ̀, Alásè kò gbà á.

"Àìsàn lẹ ní," ó wí. "Ẹ ò jalè. Kò yẹ kó jẹ́ ìtìjú rárá. Ẹ sọ ọ́ di ìtìjú, ẹ gbé e rù mí, ẹ wá jókòó, ẹ ń wò mí bí mo ṣe ń rù ú. Láàárọ̀ yìí, lójú Oníbúrẹ́dì, ẹ ní àwọn obìnrin ìwòyí."

"Mo mọ̀. Má bínú."

"Mo gbọ́."

Alásè tún aṣọ bẹ́ẹ̀dì ṣe ní ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ bí a ṣe ń rí aṣọ wíwọ́ ká fi í sílẹ̀, ó sì jáde lọ wá ìyá ọkọ rẹ̀.

Wọ́n ní Irin á sùn níbẹ̀. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, àwọn obìnrin méjèèjì wọ takisí padà sílé, ọ̀kan wo wíńdò ọ̀tún, èkejì wo ti òsì. Ọ̀rọ̀ ti dé ilé ṣáájú wọn, àmọ́ èyí tó dé kì í ṣe òótọ́, nítorí Oníbúrẹ́dì kò sọ ju ìdajì lọ. Àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ omi kí ìyá Irin pé ó kú ewu ọmọ. Wọn kò kí Alásè. Ọ̀kan nínú wọn ní Ọlọ́run máa ń tú àwọn kan fó, kò sì fi garawa rẹ̀ sílẹ̀ bó ti ń sọ ọ́.

Alásè kọjá. Ó ti mọ́ ọn lára. Ìyá Irin ló dúró.

"Àìsàn kíndìnrín ló ń ṣe ọmọ mi," ó wí. "Ó pẹ́ tó ti ń ṣe é. Iyọ̀ ò dára fún un, ìyẹn ni ìyàwó rẹ̀ kì í fi í fi iyọ̀ sọ́bẹ̀. Òun ló ń dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Èmi ni mo ń pè yín wá tọ́ ọbẹ̀ rẹ̀ wò."

Omi kún garawa, ó ń ṣàn sílẹ̀, kò sẹ́ni tó rántí pa ẹ̀rọ. Ìyá náà yíjú wá ojú ìyàwó ọmọ rẹ̀, bóyá ó gbọ́. Alásè ti wọlé.

Ìyá náà tẹ̀ lé e dé ẹnu ilẹ̀kùn yàrá. Ilẹ̀kùn ti wà ní títì. Láti ìgbà tó ti dàgbà, kò tíì dúró níta ilẹ̀kùn ẹni tó kéré sí i rí. Kò mọ bóyá kó kàn án tàbí kó sọ̀rọ̀. Ó kàn án, ó rọra kàn án.

"Ìyàwó mi. Ṣé o gbọ́ ohun tí mo sọ níta?"

"Mo gbọ́, Màámi."

"Mo ṣe àṣìṣe."

Ó gbọ́ tí obìnrin náà ń bọ́ épírọ́ọ̀nù, ó gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì dún bó ti jókòó. Ó gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn, kò gbìyànjú láti ṣí i.

"Ṣé wàá dárí jì mí?"

Ohùn tó jáde láti inú yàrá kò ní ìbínú, kò sì ní ìfẹ́.

"Ẹ jẹ́ kí n jókòó ná, Màámi."

Ìyá Irin ní ó dáa. Kò kúrò níbẹ̀. Ó rọra jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn náà, níbi tí ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ á ti rí i.